Onímọ̀ ọ̀gbìn tó ń lọ gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn nílẹ̀ òkèèrè: kí ni kó kọ́kọ́ wọ̀n kó tó la ẹnu?

Ọmọ_Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà pápá. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń gba onímọ̀ ọ̀gbìn sí fún ọdún 2 ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀ ni yóò fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀, ọjọ́ 2 ni yóò fi bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo àti sóyà. Ìwé àdéhùn sọ owó oṣù, ó sọ ilé, ó sọ ìsinmi. Kò sọ ohun tí èèyàn máa fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe. Kí ló yẹ kéèyàn béèrè kó tó fọwọ́ sí i? Kí ló sábà ń bàjẹ́, kí ló sì ń bà á jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, àlàyé tó ní iye àti òṣùwọ̀n nínú ni mò ń wá.

Àgbà_Òjò kọ:

O káre tí o béèrè kí o tó fọwọ́ síwèé. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó wo owó. Wádìí ọ̀sẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin àgbàdo, kí o ka ọ̀sẹ̀ 10 padà sẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí o ti gúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 ni wàá fi mọ ọ̀nà oko àti àwọn tó ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ 1 fún gbígba erùpẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kí èsì tó ti ilé àyẹ̀wò dé. Bí ilẹ̀ bá wá kan, láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, gbọ́dọ̀ ti wà nínú ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kí irúgbìn tó wọlẹ̀.

Wo ohun tí àìka òjò ń dá sílẹ̀. Ká ní àkókò òjò kan ṣoṣo ló wà lọ́dún níbẹ̀, tí àdéhùn ọdún 2 sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn ìgbìn. Ọ̀gbìn àkọ́kọ́ ti kọjá kí o tó dé. O gbin ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kọkànlá tí o débẹ̀, o kórè rẹ̀. O gbin ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní oṣù kẹtàlélógún, ó ku oṣù kan kí o wọ bààlúù, àgbàdo kò tíì gbọmọ pọ̀n. Ọdún 2 lórí ìwé, ìkórè 1 péré lóko. Ìkórè 1 kò sì fi òjò tó dára hàn yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn tó dára.

Ẹni tó ń lọ sí gúúsù agbedeméjì ayé tún gbọ́dọ̀ fura. Oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbin ọ̀gbìn òjò. Bí ọ́fíìsì bá ní kó wá ní oṣù kìn-ín-ní, àgbàdo ti kọjá orúnkún kó tó tú ẹrù.

Ìwọ̀n_Pípé kọ:

Mo gbà pẹ̀lú Àgbà_Òjò. Ohun tó kàn ni òṣùwọ̀n ilẹ̀. Hẹ́kítà lo kà nínú ìwé, àgbẹ̀ tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kì í fi hẹ́kítà ka oko rẹ̀. Ní Íjíbítì àti Sudan, feddan ni, tó jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 0.42. Ní Ṣáínà, mu ni. 15 rẹ̀ ló wọ hẹ́kítà 1. Ní Thailand, rai 1 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 1,600. Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ń lo manzana, bíi hẹ́kítà 0.7. Bigha tí wọ́n ń lò ní Íńdíà àti Bangladesh ló le jù, torí iye rẹ̀ ń yí padà láti agbègbè kan sí òmíràn.

Má ṣe gba ìwọ̀n kankan láti inú ìwé nìkan. Mú okùn ìwọ̀n mítà 50, lọ wọn oko àgbẹ̀ 5 tí wọ́n sọ pé oko àwọn jẹ́ ẹyọ kan, kí o rí ohun tí "ẹyọ kan" jẹ́ lẹ́nu wọn. Báágì àti agolo tí wọ́n fi ń ta ọjà náà bẹ́ẹ̀: gbé e lé òṣùwọ̀n nígbà 10, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní kí àgbẹ̀ fi báágì 3 sí hẹ́kítà kan, tí àgbẹ̀ wá da báágì 3 sórí ilẹ̀ tí kò ju ìdajì hẹ́kítà lọ, ti sọ ajílẹ̀ di ìlọ́po méjì láìmọ̀, owó àgbẹ̀ ló sì wọlẹ̀.

Ọmọ_Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Lórí ajílẹ̀ yìí: tí ìwé orílẹ̀-èdè náà bá ní kí àgbàdo gba kílò 60 náítrójìn ní hẹ́kítà kan, ṣé báágì yúríà kan, ti kílò 50, àti díẹ̀ lé ni kéèyàn sọ fún àgbẹ̀?

Ìwọ̀n_Pípé kọ:

Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Náítrójìn wà nínú yúríà ni, òun kọ́ ni gbogbo yúríà. Nínú kílò 100 yúríà, 46 ni náítrójìn. Pín 60 sí 0.46, wàá rí nǹkan bíi kílò 130 yúríà. Bí o bá fẹ́ fi NPK 15-15-15, ajílẹ̀ tí náítrójìn jẹ́ 15 nínú kílò 100 rẹ̀, ṣe ìdajì rẹ̀, kílò 30 náítrójìn jẹ́ kílò 200 NPK, ìyẹn báágì 4. 30 tó kù láti inú yúríà jẹ́ kílò 65.

Sọ ọ́ wá di ohun tí ọwọ́ lè mú. Àgbàdo tí a gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà sí ìlà, 25 láàárín ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, jẹ́ ẹsẹ̀ 53,333 ní hẹ́kítà. NPK kílò 200 yẹn já sí gíráàmù 3.75 fún ẹsẹ̀ kan, yúríà kílò 65 já sí bíi gíráàmù 1.2. Kò sí àgbẹ̀ tó máa gbé òṣùwọ̀n gíráàmù lọ sóko. Mú ìdérí ìgò tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò, bu ajílẹ̀ kún un, fi igi gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 20, wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, pín in sí 20. Bí ìdérí kan bá gba gíráàmù 5 NPK, ìdérí 3 tó ẹsẹ̀ 4 nìyẹn. Wọn yúríà lọ́tọ̀, torí ìwúwo wọn kò dọ́gba.

Kòtò sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àgbàdo, kí wọ́n dà á sí i, kí wọ́n bò ó. Yúríà tí wọ́n bá fọ́n sórí ilẹ̀ tó gbóná, tó sì ní ọ̀rinrin díẹ̀, á di gáàsì ammonia, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Tẹ̀ ba sí ibi tí wọ́n fọ́n ọn sí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì: òórùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ ni wàá gbọ́. Owó àgbẹ̀ ló ń lọ yẹn.

Ilẹ̀_Pupa kọ:

Ẹ má tíì dé orí ajílẹ̀ o, ẹ gba erùpẹ̀ ná. Pín oko sí apá tó jọra: orí òkè lọ́tọ̀, àfonífojì lọ́tọ̀, ibi tí ilẹ̀ ti pupa lọ́tọ̀, ibi tó dúdú lọ́tọ̀. Nínú apá kọ̀ọ̀kan, rìn ní kọ́lọkọ̀lọ, kí o gbẹ́ ojú 15 sí 20, sẹ̀ǹtímítà 20 sísàlẹ̀. Gbá ewé àti pàǹtí kúrò kí o tó gbẹ́. Yẹra fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìdí ògán, ibi tí ẹran ń sùn, ibi tí wọ́n ti dáná, àti ìlà tí wọ́n da ajílẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá. Garawa oníke ni kí o lò. Garawa onírin tí wọ́n fi síǹkì bò á fi síǹkì sínú erùpẹ̀, ilé àyẹ̀wò á sì sọ fún ọ pé síǹkì pọ̀ ní oko tí ewé àgbàdo ti ń funfun lára nítorí àìtó rẹ̀.

Po gbogbo rẹ̀ pọ̀, bu ìdajì kílò, tẹ́ ẹ sórí bébà ní ibòòji títí yóò fi gbẹ. Má sá a sóòrùn, má yá a níná. Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ nọ́ńbà, ọ̀kan nínú àpò, ọ̀kan níta. Báírò ń ṣí bí omi bá kàn án.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: nínú erùpẹ̀ 20 tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, pín ọ̀kan sí méjì, kí o fún wọn ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí èsì méjèèjì bá jìnnà síra, ilé àyẹ̀wò ló nílò ìbẹ̀wò kí o tó fi èsì rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Tún béèrè ọ̀nà tí wọ́n fi yẹ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wò. Bray ló bá ilẹ̀ kíkan mu, Olsen ló bá ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ mu. 12 lọ́dọ̀ Bray kì í ṣe 12 lọ́dọ̀ Olsen. Ẹni tó gbé tábìlì ilé rẹ̀ wá, tó fi ka èsì tí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn ṣe, ń ka ìwé ẹlòmíì ni.

Fún pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, erùpẹ̀ gíráàmù 10 sínú mílílítà 25 omi aláìníyọ̀, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì. Rò ó, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Fi omi ìdánwò pH 4 àti 7 tún ẹ̀rọ náà ṣe láràárọ̀. Nígbà tí pH bá ti wà lábẹ́ 5.5, àlúmínọ́ọ̀mù inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Hú àgbàdo kan níbẹ̀, wàá rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ kúkurú, ó ki, kò lẹ́ka. Ajílẹ̀ tí wọ́n ń dà kò rí ẹni gbé e.

Ẹnubodè kọ:

Kúkúrú ni tèmi. Má ṣe di irúgbìn sínú báàgì rẹ láìní ìwé. Ìwé 2 ni ó sábà máa ń gbà: ìwé àṣẹ ìkówọlé láti orílẹ̀-èdè tí o ń lọ, èyí ni kí o kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà, ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn láti orílẹ̀-èdè tí irúgbìn ti ń bọ̀, lábẹ́ IPPC, àdéhùn àgbáyé ti 1951 tó ń dáàbò bo ohun ọ̀gbìn. Erùpẹ̀ ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi kì í gbà á wọlé rárá láìsí àṣẹ pàtàkì. Fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìsàlẹ̀ bàtà oko rẹ kí o tó dì í.

Ìdí tí òfin yìí fi le kò fara sin. Kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tí ń fa oje ẹ̀gẹ́ ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sì bá ọ̀tá rẹ̀ wá. Ní 1981 ni wọ́n rí agbọ́n kékeré tí ń pa á ní Paraguay. Hans Herren, onímọ̀ kòkòrò, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, sin ín, wọ́n tú u sílẹ̀ káàkiri ibi tí ẹ̀gẹ́ ń hù. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ti 1995 fún iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún ohun tí igi ẹ̀gẹ́ kan lè bà jẹ́ ṣe.

Nígbà ìpadàbọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni. Irúgbìn ìbílẹ̀ tí àgbẹ̀ fún ọ tìfẹ́tìfẹ́ kì í ṣe ohun tí o lè gbé lọ bí ẹ̀bùn. Àdéhùn Nagoya ti 2010, lórí lílo ohun alààyè tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, kan ọ̀rọ̀ yẹn, béèrè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀.

Màmá_Sóyà kọ:

Ẹ̀yin ará, níwọ̀n ìgbà tí sóyà wà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tirẹ̀. Sóyà ń ka gígùn òru. Irú èyí tí wọ́n yàn fún ilẹ̀ tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, níbi tí ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn, bí o bá gbìn ín síbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, á yọ òdòdó kó tó dàgbà. Á kúrú, á so díẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ ni kò dára. Béèrè irú tí wọ́n ti dán wò ní agbègbè yẹn, kí o sì fi àgbègbè náà wé ibi tí irúgbìn ti wá ní jíjìnnà sí agbedeméjì ayé, kì í ṣe ní ooru nìkan.

Irúgbìn sóyà kì í pẹ́ kú nínú ìpamọ́ tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin. Ka hóró 400, pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, wé e sínú bébà tútù, wò ó ní ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 8. Bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún bá hù, tí ìwé ní kí wọ́n gbin kílò 60 irúgbìn tó ń hù tán, kílò 75 ni wọ́n máa gbìn. Bí kò bá tó 60, wá òmíràn.

Tí wọ́n bá fún ọ ní baktéríà tí wọ́n ń fi pa irúgbìn sóyà lára kó lè mú náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́, ohun alààyè ni. Fi í pamọ́ sínú tútù, pa á mọ́ irúgbìn ní ibòòji, gbìn ín lọ́jọ́ náà sínú ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin. Má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ajílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, fi ṣọ́bìrì wa ẹsẹ̀ sóyà mẹ́wàá. Má fà á tu, torí kókó ara gbòǹgbò á já sílẹ̀. Fi omi ṣan án. Fi èékánná la kókó kan sí méjì níwájú àwọn àgbẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran tútù, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá funfun tàbí kó ní àwọ̀ ewé, kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ti rí pupa yẹn lẹ́ẹ̀kan á máa wá a fúnra wọn.

Àgbà_Òjò kọ:

Ọ̀rọ̀ Màmá_Sóyà lórí gígùn òru rán mi létí ohun kan tó yẹ kí o mọ̀, torí ìkórè ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Norman Borlaug, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà, dé Mexico ní 1944 láti bá àrùn ìpẹtà tí ń jẹ ọ̀pá àlìkámà jà. Kò dúró de òjò kan lọ́dún. Ó ń gbìn ní àfonífojì Yaqui ní ìgbà òtútù, ó ń kó irúgbìn ibẹ̀ lọ sí òkè gíga Toluca ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìran 2 lọ́dún. Àwọn kan sọ pé irúgbìn gbọ́dọ̀ sinmi lẹ́yìn ìkórè. Àbájáde rẹ̀ ni pé àlìkámà tó la ibi méjèèjì já kò ka gígùn òru mọ́, ó sì ṣeé gbìn ní ilẹ̀ púpọ̀. Ní 1956 Mexico ti ń gbin àlìkámà tó tó o jẹ.

Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ní omi tí wọ́n lè fi bu rin oko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, béèrè fún ìdámẹ́wàá hẹ́kítà. Níbẹ̀ ni kí o ti máa bí irúgbìn sí i, kí o sì ti máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí òjò tó dé.

Ìlà_Mẹ́rin kọ:

Oko ìdánwò ńkọ́? Ìmọ̀ràn mi ni kó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí o fẹ́ fi wéra, ní ìpín 4, kí o yí ipò wọn padà nípa fífa nọ́ńbà, kí o má fi ojú yàn án. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìlà 4, mítà 5 gígùn. Ìlà 2 àárín nìkan ni kí o kórè, torí ìlà ẹ̀gbẹ́ ń rí oòrùn àti oúnjẹ ju tàárín lọ. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7.5. Má wọ̀n ọ́n láìyẹ omi inú rẹ̀ wò. Bí hóró bá jẹ́ kílò 4.5, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún, sọ ọ́ di 14: 4.5 lọ́nà 78, pín in sí 86, ó jẹ́ 4.08. Lórí hẹ́kítà, kílò 5,440 nìyẹn. Ẹni tí kò ṣe ìṣírò omi á kéde 6,000, omi ló ń tà.

Abẹ́_Igi kọ:

Mo gba ìṣírò yẹn, ṣùgbọ́n mi ò gba ibẹ̀, Ìlà_Mẹ́rin. Oko kọ́lẹ́ẹ̀jì ti jẹ ajílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń ro ó lásìkò, ó sì ní ọgbà. Ohun tó yege níbẹ̀ lè má yege ní oko àgbẹ̀ tó wà ní kìlómítà 10 síbẹ̀. Fi ìpín 1 péré ti ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan sí oko àgbẹ̀ 8 sí 10, kí oko kọ̀ọ̀kan dúró bí ọ̀wọ́ kan. Kí ìṣe àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ìpín náà, bó ṣe ń ṣe é gan-an, kì í ṣe bí a ṣe rò pé ó ń ṣe é.

Ìlà_Mẹ́rin kọ:

Ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣe méjèèjì. Ní Malawi, láti àwọn ọdún 1990, wọ́n ń pè é ní ìdánwò ìyá òun ọmọ: ìyá, tó ní gbogbo ìtọ́jú, ní àárín abúlé, àwọn ọmọ, tó ní ìtọ́jú 2 sí 4 péré, ní oko àwọn àgbẹ̀ yíká. Mo ṣì dúró lórí pé kí ìyá ní ìpín tó ju 1 lọ.

Abẹ́_Igi kọ:

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìkọ́ni, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ tó péye ti ń sọnù jù.

Ògbufọ̀: pàdé rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ jọ kọ ọ̀rọ̀ 30 tí ẹ máa lò. Gbólóhùn kúkúrú ni kí o máa sọ, kí o dúró. Má ṣe bi ògbufọ̀ léèrè orúkọ kòkòrò, torí kòkòrò kan lè ní orúkọ 3, orúkọ kan sì lè jẹ́ ti kòkòrò 3. Mú kòkòrò náà wá nínú ìgò, fi han àgbẹ̀ 5 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Má sì béèrè pé "ṣé ó yé yín?" Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n á ní ó yé wọn. Gbé ìdérí ajílẹ̀ fún ẹnì kan, ní kó fi sí ẹsẹ̀ 10 lójú rẹ, ìgbà náà ni wàá mọ̀.

Fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ọ̀nà tó jẹ́ gidi ni ilé ẹ̀kọ́ orí pápá tó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1989. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sórí ìrẹsì ń pa alántakùn àti àwọn ọ̀tá kòkòrò afajemu, kòkòrò náà fúnra rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i. Ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de irú oògùn 57 lórí ìrẹsì ní 1986. Nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, bí àgbẹ̀ 25 á pàdé ní òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀, láti ìgbìn dé ìkórè. Wọ́n á pín sí ọ̀wọ́ márùn-ún, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á yẹ ẹsẹ̀ ọ̀gbìn 10 wò, wọ́n á ya igi ọ̀gbìn náà sórí bébà ńlá, àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ lápá kan, àwọn tí ń pa kòkòrò lápá kejì, wọ́n á wá pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́sẹ̀ náà. Fi alántakùn 1 àti kòkòrò afajemu 10 sínú ìgò tí a fi àwọ̀n bò lẹ́nu, kí wọ́n padà wá kà á lọ́jọ́ kejì. Kò sí ìwé tí a lè kọ tó máa sọ̀rọ̀ tó ìgò yẹn.

Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, ka ọjọ́. Sáà ọ̀sẹ̀ 15 jẹ́ ọjọ́ 105. Àgbàdo ọjọ́ 120 kò lè parí nínú rẹ̀. Yálà kí o gbìn ín kí sáà tó wọlé, tàbí kí o lo ẹ̀wà tí ń yá, tó ń parí láàárín ọjọ́ 60 sí 70. Akẹ́kọ̀ọ́ 60 jẹ́ ìpín 15 fún ẹni mẹ́rin mẹ́rin. Fún ìwé àkọsílẹ̀ pápá ní máàkì tó pọ̀, bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kí o gbà á wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá gbà á wò ní ìparí nìkan, alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n máa kọ gbogbo rẹ̀.

Ẹnu_Páìpù kọ:

Mo rí i pé ẹ kò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́yìn fọ́n oògùn. "Ìdérí 1 sí àgbá 1" ni ìmọ̀ràn tó ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí ẹsẹ̀ èèyàn kò yá bákan náà. Bu omi lásán kún àgbá dé àmì kan. Tí ohun tó ń fọ́n bá bo ìbú mítà 1, rìn mítà 100 bí o ṣe máa rìn lóko. Padà wá fi agolo oníwọ̀n bu omi dí ohun tó dín. Ká ní ó gba lítà 2: lítà 200 ní hẹ́kítà nìyẹn, àgbá lítà 15 á bo mítà onígun mẹ́rin 750. Bí ìwé ara oògùn bá ní lítà 2 ní hẹ́kítà, mílílítà 150 ló wọ àgbá kan. Ẹni tó ń rìn kíá ní tirẹ̀, ẹni tó ń rìn pẹ̀lẹ́ ní tirẹ̀. Kí oníkálukú wọn tirẹ̀.

Gbé agolo sábẹ́ ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú 1. Bí omi bá ju ti ẹnu tuntun lọ ní ìdámẹ́wàá, ó ti jẹ, pààrọ̀ rẹ̀. Má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ bó bá dí, búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó tó fún un.

Ọmọ_Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ò fi nǹkan kan pamọ́. Ìbéèrè ìkẹyìn: kí ni kéèyàn ní kí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn gan-an?

Àgbà_Òjò kọ:

Nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, alábàáṣiṣẹ́ ọmọ ibẹ̀ kan, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé láti oṣù àkọ́kọ́, tí wọ́n ti yọ̀ǹda lára iṣẹ́ mìíràn fún ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, òun ni kó máa dúró níwájú àgbẹ̀, kí o jókòó sẹ́yìn. Èkejì, owó mọ́tò àti epo fún ọjọ́ pápá, lọ́tọ̀ sí ti ọ́fíìsì. Ibi tí a kò bá ti kọ èyí, mọ́tò kì í sí ní ọ̀sẹ̀ ìgbìn. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀_Pupa kọ:

Mo fi kan kún un: ìwé pápá méjì méjì, ọ̀kan ń bẹ lọ́dọ̀ alábàáṣiṣẹ́. Kí àwòrán oko ìdánwò kọ̀ọ̀kan sọ iye mítà tó wà láàárín igun rẹ̀ àti ohun tí kì í ṣí nípò, bí igi ńlá tàbí afárá. Igi pẹ́ẹ̀kì tí a kàn mọ́lẹ̀ kì í pé ọdún kan kí ẹran tó tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi dáná.

Àgbà_Òjò kọ:

Òótọ́ ni. Lórí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n kọ "ìbẹ̀rẹ̀ òjò" sínú ìwé. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ ni ọ́fíìsì ń pè bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ń dúró de èyí tó rin ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì lè wà láàárín wọn. Kọ oṣù, kọ ọjọ́, kí o ka ọ̀sẹ̀ 10 rẹ láti ibẹ̀.